Ta Ló Ti Fóònù Velika?

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé ìlú Lom, òórùn tàtàṣé sísun ló máa ń gba gbogbo àdúgbò kan. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, èéfín ń rú ní àgbàlá gbogbo ilé tó wà ní òpópónà náà, àfi ní ilé Stamen nìkan. Velika ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sun tàtàṣé tiwọn, Velika sì ti wà nínú ibojì láti oṣù kẹta. Stamen fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní èbúté odò Dunav kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mu kọfí rẹ̀ lábẹ́ àjàrà, ó ṣan ife, ó dojú rẹ̀ dé. Kò sí ohun tó fi ọjọ́ náà yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn, títí Milka ọmọbìnrin rẹ̀ fi pè é láti Vratsa.

Milka rán an létí pé ìrántí oṣù mẹ́fà ìyá òun bọ́ sí ọjọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ ìwé ìkéde tuntun tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà àti mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, bí gbogbo ilé tó bá ń ṣọ̀fọ̀ ti ń ṣe. Èyí tí wọ́n lẹ̀ nígbà ìsìnkú àti ní ogójì ọjọ́, fọ́tò inú káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Nínú fọ́tò yẹn, Velika dà bí ẹni tó jókòó ti ẹnu ọ̀nà dókítà.

Milka ní, “Bàbá, fọ́tò kan wà tí Màmá ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ àjàrà. Inú fóònù tí wọ́n mú bọ̀ láti Italy ló wà. Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án o. Tí mo bá dé ní Sátidé, èmi fúnra mi ni màá yọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìpè náà kò wọ Stamen létí mọ́. Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí òun àti fóònù yẹn ti ń fojú di ara wọn. Ọdún márùn-ún ni Velika fi tọ́jú bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ottavio ní Bergamo, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú wọn ti máa ń lọ tọ́jú arúgbó ní Italy. Nígbà tí arúgbó náà kú, ọmọ rẹ̀ fi fóònù kan ta Velika lọ́rẹ, Velika sì mú un bọ̀ wálé. Nígbà tó ṣe, bó bá di ọ̀sán, obìnrin náà á jókòó sábẹ́ àjàrà, á gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, á dákẹ́, á sọ ọ́ sápò ẹ̀wù ìdáná. Bí Stamen bá bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀, á ní kò sẹ́ni kankan.

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà, owú ti jẹ ẹran ibẹ̀ tán. Ottavio ti lé ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nígbà tí Velika dé ilé rẹ̀, kò lè rìn, kò sì ní eyín lẹ́nu. Stamen mọ èyí. Ó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò sùn dáadáa fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí àìsàn dá Velika wó, tí fóònù náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ọkùnrin náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, á sì máa jowú rẹ̀ bí ẹni ń jowú ènìyàn.

Wàyí o, Milka ní kí bàbá òun má fọwọ́ kàn án. Ó túmọ̀ sí pé Milka pàápàá mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìyá àti ọmọ ti dìmọ̀ pọ̀. Kó tó di Sátidé, òun gbọ́dọ̀ rí ohun tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ó ṣí àpótí aṣọ. Velika ti fi gèlè rẹ̀ aláwọ̀ ewé wé fóònù náà, iná rẹ̀ sì ti kú tán. Stamen fi í síná. Ó yọ káàdì inú fóònù kékeré tirẹ̀ tó ń fi pe Milka, ó ki í bọ inú ti Velika, nítorí ó gbà pé fóònù tí kò ní káàdì kò lè ṣí. Nígbà tí ojú rẹ̀ tàn, gbólóhùn kan yọ ní èdè Italy, àpótí òfìfo kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń dúró de nọ́ńbà. Stamen kò gbọ́ èdè Italy, ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀kùn títì bó bá rí i.

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Velika, èmi lo tì í mọ́.”

Ó tẹ ọdún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Fóònù kọ̀. Ó tẹ ọjọ́ ìbí Velika, ó tẹ ti Milka, ó tẹ ọdún tí obìnrin náà lọ sí Bergamo. Nọ́ńbà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà tó ń dín kù ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, kò kà á sí. Níkẹyìn, ó tẹ nọ́ńbà ilé Ottavio, èyí tó mọ̀ sórí láti ara àpò lẹ́tà. Àpótí náà pòórá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù, kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Gencho aládùúgbò rẹ̀ yọjú láti orí ọgbà, ẹ̀mú tó fi ń yí tàtàṣé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń tẹ fóònù ni àbí ẹ̀ ń bá a jà?”

Stamen ní wọ́n tì í ni.

Gencho rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò mọ̀ ni? Ìyàwó tó bá ti Italy dé, kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń mú bọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń fi han ọkọ.”

Ó rántí lójijì pé òkú ni òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú tì í, ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó: ó ní ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ọjà, Plamen lorúkọ rẹ̀, kò sí fóònù tí kì í ṣí. Ó padà sídìí iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ méjì ti wọ ilé Stamen, ó ti jókòó.

Ìsọ̀ Plamen kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ. Kò béèrè ìwé, kò béèrè ẹni tó ni fóònù. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, ti Italy lèyí. Ẹ ti tẹ nọ́ńbà sí i títí ó fi dákú. Mo lè jí i. Ṣé nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ nílò?”

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ká ní Stamen sọ pé ohùn àti fọ́tò ìyàwó òun ló wà níbẹ̀, ọwọ́ Plamen ì bá dúró. Ṣùgbọ́n báwo ni ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin yóò ṣe sọ fún àlejò pé òun ń wá ohun tí ìyàwó òun tó ti kú fi pa mọ́ nípa ọkùnrin tó ti kú?

Ó dáhùn pé, “Kò sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ máa lò ó ni.”

Plamen so fóònù mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Kò ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe. Láàárín wákàtí kan, ó dá a padà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé sì ti wọlé. Stamen kò dúró délé. Orí àga kan lẹ́bàá ojú irin ló jókòó sí, ó wá fọ́tò, kò rí ọ̀kan. Ó wá ohùn, kò rí ọ̀kan. Fóònù náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Kì í ṣe pé Plamen ló nù ún ló wá sí i lọ́kàn. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé Velika ló nù ún kó tó kú.

Milka dé ní Sátidé pẹ̀lú àlìkámà tí yóò sè fún ìrántí náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti sá kúrò nínú fóònù. Milka gbà á, ó wò ó, ó bi bàbá rẹ̀ ní ohun tó ṣe. Ó sọ ọ́, kò fi ohunkóhun pa mọ́ àyàfi ìdí rẹ̀. Milka kò pariwo. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó ní kí wọ́n máa lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó di pé wọ́n tì í.

Obìnrin tó dá wọn lóhùn níbẹ̀ fi sùúrù gbọ́ tẹnu wọn.

Ó ní, “Bàbá, kì í ṣe ìyàwó yín ló tì í. Ilé-iṣẹ́ tó ta fóònù ní Italy ló tì í kí ẹni tó rà á ní àwìn má bàa gbé e lọ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn kó tó san tán. Káàdì ilé-iṣẹ́ mìíràn nìkan ni títì yẹn ń dènà. Kò kan ohun tó wà nínú fóònù. Ká ní ẹ yọ káàdì yín kúrò ni, tààrà lẹ ò bá wọlé. Àbí ó ní nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀?”

Milka ló dáhùn. “Rárá. Màmá ò tì í rí.”

Stamen wo ilẹ̀.

Obìnrin náà ṣàlàyé pé ọ̀nà tó tọ́ kò le. Ẹ ó kọ́kọ́ yọ fọ́tò àti ohùn sí ibòmíràn. Ẹ ó tẹ *#06#, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù á sì jáde. Ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ rà á, ìyẹn ọmọ Ottavio, ni yóò kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó tà á. Bí wọ́n bá ti san án tán, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gba kọ́bọ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọn á fi nọ́ńbà ìṣísílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ máa méfò nọ́ńbà náà, nítorí ó níye ìgbà tí fóònù ń gbà á kó tó ti ara rẹ̀ pa. Ó fi kún un pé ẹni tó wà lẹ́yìn ọjà yẹn ti kọ ètò tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ó sì ti yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù padà. Ìyẹn lòdì sófin, ìdí sì nìyẹn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi lé e jáde.

Milka béèrè bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì lè padà. Obìnrin náà mi orí, ó ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá láti fi ẹjọ́ Plamen sùn, ọlọ́pàá ní kí Stamen fọwọ́ sí ohun tó sọ. Ó wà níbẹ̀ ní dúdú lórí funfun pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Abẹ́ àjàrà ni Milka ti sọ ìyókù fún un.

“Ẹ̀yin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, Bàbá. Látìgbà tí dókítà ti sọ bó ṣe máa rí fún wọn. Wọ́n ní ẹ ò lè se ẹyin, ẹ ò mọbi tí ìwé ilé wà, ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n ń gé àjàrà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí n má fún un yín nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù, kó di oṣù mẹ́fà.”

Stamen yí ojú sí èéfín tó ń rú ní ilé Gencho. Lẹ́yìn náà ló bi í pé kí ló dé tí Velika kò sọ fún òun nígbà tí òun béèrè.

“Bí adájọ́ lẹ ṣe ń béèrè,” Milka dáhùn. “Ṣé èèyàn á dá adájọ́ lóhùn pé òun ń múra ikú?”

Ó mú fóònù tirẹ̀ jáde. Ohùn kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo wọn, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láti fi dán ẹ̀rọ wò. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Velika kọ́kọ́ wúkọ́.

“Stamen, ṣé ó ń gbọ́ mi báyìí? Tóò. Tí o bá sun tàtàṣé tán, má tíì bó o. Kó o sínú ìkòkò, dé e, lọ jókòó. Tó bá ti tutù, èèpo á kúrò fúnra ẹ̀. Má kánjú sí i bí o ṣe máa ń kánjú yẹn.”

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, fọ́tò inú káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n tún lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó wá jẹ àlìkámà wò ó, wọ́n sì kọjá wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, bí fóònù tí wọ́n mú bọ̀ láti òkèèrè bá kọ káàdì ilé yín, ẹ yọ káàdì náà kúrò, kí ẹ sì jókòó. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ pa mọ́ síbi méjì. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á, kí ẹ dúró de èsì. Ẹ má gbé e fún ẹni tí kò béèrè ẹni tó ni ín, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín ní ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ sọ òótọ́, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Ìyẹn ni ti fóònù.

Èyí tó kù kì í ṣe ti fóònù. Bí owú bá ń jẹ yín láyà nítorí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé, ẹ bi í lónìí, kí ẹ sì béèrè bí ẹni tó fẹ́ gbọ́. Ohùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.