Ohun Tí Mítà Ń Gbọ́

Mo ti pa ẹ̀rọ náà o, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ mítà ṣì ń gòkè.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ọjọ́ kẹta mi nìyẹn nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀rọ wò lẹ́bàá èbúté. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri, níbi tí òjò ti ń jò sórí tábìlì, àti níbi tí wọ́n ti lé mi jáde nítorí ẹnu mi. Ẹ̀rọ kì í dẹ́rù bà mí. Èèyàn ló ń dẹ́rù bà mí.

Ẹ̀rọ tí mò ń wí yìí máa ń sọ àmì rédíò jáde, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ ló ń sọ bí àmì náà ṣe lágbára tó. Òun ni wọ́n fi ń dán rédíò ọkọ̀ apẹja wò: bí rédíò bá gbọ́ àmì tó kéré jù lọ, etí rẹ̀ dá ṣáṣá nìyẹn, ó lè lọ sójú òkun. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń pariwo, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, rédíò tó dití náà á yege. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi mítà wọn agbára tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, kí n mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa.

Ká tó wọ̀n ọ́n, a ó kọ́kọ́ pa á, a ó wá tẹ bọ́tìnì òdo lára mítà. Ohunkóhun tí mítà bá ń rí lásìkò yẹn, á kà á sí òfo, á sì máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tó bá wọ̀n lẹ́yìn náà.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan."

Ọ̀gá mi obìnrin, tó ti lo ogún ọdún nínú yàrá náà, kò gbójú sókè. "Ẹ tẹ òdo, bàbá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti bí ọdún méjì."

"Ọdún méjì?"

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó rìn káyé yìí kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè jókòó ti iṣẹ́."

"Àgídí ni mo bá wáyé, ọ̀gá mi. N kò ní í tẹ̀ ẹ́."

Mo tú wáyà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ kò wálẹ̀. Mo yọ wáyà náà kúrò pátápátá lápá ti mítà, ó wá ku orí mítà nìkan lọ́wọ́ mi, irin kékeré tí okùn so mọ́ mítà, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó tutù bí ẹja. Abẹ́rẹ́ ń gòkè, ó ń dúró díẹ̀, ó tún ń gòkè. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rédíò ju bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó lọ. Mo mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń jó nígbà tí èèyàn bá ń pe èèyàn. Á sọ, á dákẹ́ de èsì, á tún sọ.

Mo kọjú irin náà sí fèrèsé, abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀. Mo kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀kùn, ó lọ sílẹ̀. Mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀gá, ó ga dé òpin.

Òórùn omi òkun gba yàrá náà kan.

"Ẹ má nà án sí mi," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀.

"Ta ló ń pè yín?"

Ó ní lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ apẹja kan lọ, kò dé mọ́. Ọkọ òun ló wà á. Ọwọ́ òun gan-an ló lẹ sítíkà mọ́ rédíò rẹ̀ pé ó yege. Wọ́n pè é títí lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé ìjì ń bọ̀, kò gbọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mítà bẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé òun ni," ó wí. "N kò lè máa wò ó. Ni mo bá ń tẹ òdo."

Kì í ṣe òkú ló dẹ́rù bà mí; mo ti sùn láàárín sàréè rí. Ìṣirò ni.

"Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti tẹ òdo lórí ohùn rẹ̀, mítà ń yọ ohùn náà kúrò. Á máa ka ẹ̀rọ sí aláìlágbára. Kí lẹ wá ń ṣe sí ẹ̀rọ?"

"Mo máa ń yí i sókè," ó wí, "kó lè bá nọ́ńbà mu." Ó ti yé e.

"Rédíò mélòó lẹ fi dán wò?"

"Gbogbo ti èbúté yìí. Àbúrò mi ọkùnrin gba tirẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Ó dìde, ó sún mọ́ irin tó wà lọ́wọ́ mi bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí èèyàn létí. "Baálé mi, mo gbọ́ yín," ó wí. "Mo ti ń gbọ́ yín látọjọ́ yìí."

Abẹ́rẹ́ rọra wálẹ̀ sí òdo. Kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì.

Mo wọn ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Agbára tó ń jáde jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tó wà lójú rẹ̀. Mo kọ KÒ YEGE gàdàgbà sí i lára. Ọ̀gá ti wà lórí fóònù, ó ń sọ fún àwọn ará èbúté pé kí ọkọ̀ kankan má ṣe kúrò. Gbogbo wọn ló wà nílẹ̀ àfi ẹyọ kan. Mo wo ojú ọ̀gá, n kò béèrè ta ló ni ín. Wọ́n pe ọkọ̀ náà nígbà mẹ́fà lórí rédíò. Kò dáhùn.

Abẹ́rẹ́ tún gbéra.

"Kì í ṣe ọkọ mi nìyẹn," ọ̀gá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tirẹ̀ máa ń falẹ̀. Èyí ń kánjú."

Mo kọjú irin náà síhà òkun. Ó ga sí i.

Bí mo ṣe bá ara mi níwájú ọkọ̀ ìgbàlà nìyẹn, èmi tí n kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, tí mo na irin síwájú bí ẹni ń na eegun sí ajá, tí mò ń sọ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ pé, "Ọ̀tún díẹ̀. Ó tó. Máa lọ tààrà." Ìkùukùu ti ń ṣú níwájú wa. Ọ̀gá gbé mítà sórí ẹsẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"Bàbá," ó wí, "nínú gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ yìí, ṣé alààyè máa ń pè báyìí?"

"N kò rí i rí. Ẹ ṣáà máa ka mítà fún mi."

Ó kà á.