Ojú Ilẹ̀kùn Tí Mutmainnah Kò Rà

"Ta ló máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn náà kọjá?"

Ìbéèrè tí Bọ̀ọ̀dá Daniel bi Mutmainnah nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè Bọ́lá, níbi tó ti ń ta ilẹ̀kùn onírin tó ń ká ara rẹ̀ sókè, irú èyí tí wọ́n ń fi sí gáréèjì inú ilé. Ìbéèrè kékeré ni. Ká ní ọmọ náà dáhùn bó ṣe rí ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Yẹ̀kínì tó ń ta táyà, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀. Agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà kò sì ní ọgbà, ilé fara ti ilé ni. Alhaji bá wó ògiri iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àtijọ́, ó sọ ibẹ̀ di gáréèjì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kan náà ni gbogbo ará ilé ń gbà lọ sí ìdí kànga. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, ìyá àgbà kò sì fẹ́ jìnnà sí ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni yóò tẹ́ ẹní sí, yóò na ẹsẹ̀, atẹ́gùn yóò máa fẹ́ sí i, yóò sì máa fa tẹ̀súbà rẹ̀.

"Ìwọ lo kàwé," ni Alhaji wí nígbà tó ń rán ọmọ rẹ̀ lọ. "Lọ bá mi yan ilẹ̀kùn. Èyí tí kò ní ṣe ará ilé léṣe ni mo fẹ́."

Ṣùgbọ́n Mutmainnah kò dá lọ. Esther, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, tẹ̀ lé e. Bàbá Esther ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi, ilé wọn ní ọgbà, ó ní géètì, ajá ńlá sì wà níbẹ̀. Ojú ń ti Mutmainnah láti sọ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé inú gáréèjì àwọn ni ìyàwó ilé ń gbé omi gbà, pé ibẹ̀ làwọn ọmọdé ti ń sáré, ibẹ̀ sì ni ìyá àgbà ń jókòó sí.

"Ọkọ̀ nìkan ni," ló sọ.

Bọ̀ọ̀dá Daniel mi orí. "Ìyẹn ò burú. Owó tí Alhaji fi rán ọ yìí ra ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ tó ń fà á. Rìmóòtù kan wà lára rẹ̀, ṣéènì tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ fà á nígbà tí iná bá lọ náà wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí owó náà ká." Ó gbé nǹkan méjì kékeré lé orí tábìlì. "Ojú ilẹ̀kùn rèé. Ìsàlẹ̀ là ń kàn án mọ́, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí ènìyàn tàbí ewúrẹ́ bá wà láàárín wọn nígbà tí ilẹ̀kùn ń bọ̀ nílẹ̀, kíá ló máa padà sókè. Tí o ò bá fẹ́ ìyẹn, mo lè so ó mọ́ fóònù rẹ. Ibi yòówù kó o wà, wàá ṣí i, wàá sì tì í."

"Ti fóònù, jàre," ni Esther wí. "Ìyẹn ló bá ayé mu."

"Ilé tí èrò bá ti ń kọjá, ojú ilẹ̀kùn ni mo máa ń ní kí wọ́n rà," ni Bọ̀ọ̀dá Daniel wí. "Àmọ́ ìwọ lo mọ ilé yín."

Ó mọ ilé wọn lóòótọ́. Ti fóònù ló mú.

Lọ́jọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Daniel wá kan ilẹ̀kùn náà, ó bá ìyá àgbà lórí ẹní. Ó pe Mutmainnah sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ṣé ibí yìí ni màmá máa ń jókòó sí ni?"

"Rárá o. Wọ́n kàn wá wo iṣẹ́ yín ni."

Irọ́ kì í dá rìn, ọmọ ló máa ń bí. Nígbà tí Alhaji dé tó bi í bóyá gbogbo nǹkan pé, ó ní ó pé. Kò dárúkọ fóònù, kí bàbá má baà ní kó gbé e wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Mutmainnah, Esther àtàwọn ọmọ kíláàsì wọn jáde nílé ìwé, wọ́n dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn Mápó. Mutmainnah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáàrí pé òun lè ti ilẹ̀kùn ilé àwọn láti ibi táwọn dúró sí yẹn. Àwọn tó kù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ilé yín ní Bẹyẹrúnkà?" ni ọ̀kan wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn ún wọra. Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́, fóònù sọ pé ilẹ̀kùn ti padé. Esther pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá àgbà ti sùn lọ lórí ẹní ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lójú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn onírin kò mọ ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀, kò sì ní ojú tí yóò fi rí i. Ìyá Mutmainnah tó wà nídìí kànga ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe. Ó ju korobá sílẹ̀, ó sáré dé, ó di ṣéènì mú, ó sì ń fi gbogbo agbára fa ilẹ̀kùn sókè. Ibi tó ti ń fà á ni àwọn ará ilé bá a.

Tóò, ọ̀rọ̀ wá di wàhálà. Àǹtí Sìdí, àbúrò Alhaji, ti ń wá ẹ̀sùn sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ tipẹ́. "Rìmóòtù wà lápò ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù," ló wí lójú gbogbo agbo ilé. "Ṣéènì la bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló tún kù tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi lẹ́sẹ̀?"

Mutmainnah wọlé bá ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ìtìjú sì mú un. Ó gbójú sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Ìyá àgbà kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ojú oorun ló wà, ìrora ló jí i, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló sì rí pẹ̀lú ṣéènì. Nígbà tí ilé kò rọgbọ mọ́, Alhaji ní kí ìyàwó rẹ̀ ṣì lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Oníyanrìn. Obìnrin náà di ẹrù, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ìgbà tí dókítà sọ pé ìyá àgbà kò ní lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́ ni Mutmainnah tó la ẹnu, níbi ìbùsùn ìyá àgbà, lójú bàbá rẹ̀ àti Àǹtí Sìdí.

"Bàámi, èmi ni. Fóònù mi ni mo fi tì í, láti Mápó."

Ó rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀. Alhaji kò nà án. Ì bá sàn kó nà án. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí kò mọ ọmọ ta ni. Àǹtí Sìdí fi ìborùn bojú. Ìyá àgbà ní kí wọ́n lọ bá òun mú ìyàwó òun wá.

Alhaji kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ sí Oníyanrìn lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ padà, torí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá àgbà tó o. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ ẹ̀sùn náà kò gbọ́ ti ìdáláre, àwọn kan ṣì ń yà fún un lọ́nà títí di òní. Bọ̀ọ̀dá Daniel ti wá kan ojú ilẹ̀kùn méjèèjì mọ́bẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sí mi. Ẹni tí wọ́n bá rán kó lọ ra nǹkan sílé, ará ilé ni kó kọ́kọ́ rò, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó ń wò ó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tó ń dáàbò boni ni ká kọ́kọ́ rà, tí owó bá ṣẹ́kù, ká wá ra ti fáàrí. Ilé tí a bí yín sí, ẹ má tijú rẹ̀ débi tí ẹ ó fi purọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, kó tó di pé ẹlòmíràn ru ẹrù yín.

Mutmainnah kúnlẹ̀ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ lórí ilẹ̀kùn," ni ìyá rẹ̀ wí. Omi gbígbóná ló ń bù sínú abọ́, kò dúró. "Àṣìṣe ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè mí níkà, mo wo ojú rẹ, o sì wọ yàrá lọ. Ìyẹn ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbàgbé."

Ó gbé abọ́ omi náà, ó lọ wẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀.