Náírà Inú Agolo Bàbá Mi

Nígbà tí mò ń sọ yìí, bàbá mi Babalọlá ṣì wà láyé. Ìyá mi Rosalie náà wà, wọ́n ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé wa ní Kpankou. Ṣàngódélé tó ń ṣẹ́ owó lọ́jà Ìlárá wà, tòun ti eyín wúrà rẹ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ti lọ. Láyé ìgbà náà, kámáráàdì là ń pe ara wa níwájú délégué, aṣojú ìjọba lábúlé wa, ṣùgbọ́n nínú ilé, bàbá ṣì ni bàbá.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Náíjíríà. Ọdún tí wọ́n lé àwọn àjèjì kúrò lọ́hùn-ún ni Bàbá dé, ẹsẹ̀ òsì wọn ti rọ, wọn kò lè rìn kọjá igi ọ̀dán iwájú ilé mọ́. Náírà inú agolo mílíìkì kan ni gbogbo ohun tí wọ́n mú bọ̀. Lójú wọn, náírà kan, igba sééfà owó tiwa ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lóòótọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbowó iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi Gaston ní náírà mẹ́wàá pé kó lọ ṣẹ́ ẹ wá. Gaston mú ẹgbẹ̀rún kan sééfà dé.

Bàbá wo owó náà, wọ́n wo Gaston. "Ẹgbẹ̀rún kejì dà?"

"Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ nìyẹn, Bàbá. Náírà ti wálẹ̀."

"Ó wálẹ̀? Ṣé igi ló gùn tẹ́lẹ̀ ni?"

Àwọn tó jókòó lábẹ́ ọ̀dán bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi rún ara mi lóko olóko. Ọmọ tí mo bí ló wá ń jà mí lólè yìí."

Gaston fi owó náà sílẹ̀ lórí ẹní, ó di aṣọ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Pobè lọ. Kò sì padà.

Bí ó ṣe kàn mí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Madamu Huguette ní Kétou. Mo ti mọ iṣẹ́, ó ku libération mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí ọmọ iṣẹ́ kò bá tíì san owó ìdásílẹ̀ kí wọ́n da àtíkè sí i lórí níwájú ẹbí, ó lè mọ aṣọ ọba rán, ilẹ̀ ọ̀gá ni yóò máa gbá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni owó tèmi. Mo ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ láti ara gàrí tí mò ń bá ìyá mi tà.

Mo gbé náírà mẹ́wàá tí Bàbá fún mi lọ bá Ṣàngódélé.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹgbẹ̀rún kan níjọ́sí."

"Ìjọ́sí nìyẹn. Owó yìí ń ṣàìsàn, ọmọ. Má bi mí léèrè ọjọ́ tí yóò kú."

Mo dúró síbẹ̀. Ojú Gaston ni mò ń rí. Mo tú etí ìró mi, mo fi owó libération mi kún un, mo gbé ẹgbẹ̀rún méjì wálé.

Bàbá kà á, wọ́n ké sí àwọn ará abẹ́ ọ̀dán. "Ẹ wá wò ó. Náírà ti tún gun igi padà. Ṣebí mo sọ fún yín pé olè ni Gaston?"

Ibẹ̀ ni pàkúté ti mú mi. Bí mo bá sọ òótọ́, mo di olè bíi Gaston. Bí mo bá dákẹ́, gbogbo owó tí mo bá gbé wálé ló ń jẹ́rìí sí i pé Gaston jalè. Mo dákẹ́. Náírà mẹ́wàá di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Bí ó ṣe ń wálẹ̀ ni etí ìró mi ń fúyẹ́. Bàbá sì ń ṣe bí olówó. Bí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan, "Náírà márùn-ún péré ni," ni wọn yóò wí.

Ó pé ọdún méjì. Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Bàbá pè mí, wọ́n tú agolo náà sórí ẹní.

"Fọláyan, mo ti ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ. Ọgọ́rùn-ún náírà nìyí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún géérégé. Agolo ti tán, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní gbá ilẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni."

"Kí ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún?"

"Gbogbo rẹ̀."

Mo wá jẹ́wọ́. Ìyá mi dáwọ́ gàrí dúró. Bàbá kò bèèrè owó kankan.

"Gaston ńkọ́?"

"Kò jí nǹkan kan."

"O sì mọ̀, láti ọdún méjì?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

Bàbá nawọ́ sí ọ̀nà Pobè. "Lọ mú un wá."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá Gaston ní Pobè kí n tó rí i níbi tí wọ́n ti ń fún epo.

"Ṣé wọ́n tún fẹ́ kí n wá ka owó ni?" ló bi mí.

"Wọ́n ní kí ẹ wálé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fọ epo ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi.

Ẹ̀yin ọmọ, orúkọ owó kì í yí padà, agbára rẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tí kò bá dé ọjà kò lè mọ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Mo rò pé owó mi ni mo fi ń kún náírà Bàbá. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń ná.

Nígbà tí a dé Kpankou, àwọn ará abẹ́ ọ̀dán dìde nígbà tí wọ́n rí wa. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Abẹ́ ẹní wọn ni wọ́n ti rí ẹgbẹ̀rún kan sééfà tí Gaston fi sílẹ̀, tí Bàbá ká sínú àkísà.

"Bàbá yín ní owó olè ni, àwọn kò ní ná an," ni ìyá mi wí. "Láti ọjọ́ tí Fọláyan ti lọ ni wọ́n ti ń mú un jáde, tí wọ́n ń wò ó."

Gaston na owó náà sí mi pé kí n fi ra aṣọ funfun tí a ó fi sin wọ́n. Mo lọ rà á. Iye ọ̀pá aṣọ tí ìbá rà lọ́jọ́ tí Gaston mú un wálé náà ló ṣì rà.