Ìrù Lọ́bísítà Mẹ́rin àti Àwọn Tí Wọ́n Pè Jẹun

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ó ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní títì wa lọ́sàn-án, nígbà tí ọkùnrin náà bá ń jẹun. Kò ní sọ fún un pé kó wá jẹun. Kò tiẹ̀ ní gbójú sókè. Àwọn ènìyàn ní ahun ni. Kì í ṣe ahun rárá. Ojú ọkùnrin náà ti rí nǹkan ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé wọn, síbẹ̀ àga mẹ́rin ló yí tábìlì wọn ká. Lójoojúmọ́, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òórùn ẹran máa ń jáde láti fèrèsé wọn. Ẹran tàná kì í ṣe ẹran tòní. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó á sì máa dún.

Láyé ìgbà yẹn, Mo-ń-bọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gẹ irun bàbá yín tí kò lè rìn, á ní, "Mo ń bọ̀." Ẹ ó dúró títí irun bàbá á fi bo etí. Ẹ ní kó wá bá yín gbé àpótí, á ní, "Mo ti dé tán." Kò ní dé. Kì í ṣe pé ó burú o. Ẹnu rẹ̀ ló kàn dùn, ọ̀rọ̀ rere kì í sì í wọ́n ọn.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, ó fara dà á pẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn lọkùnrin náà ti ṣèlérí pé òun á se lọ́bísítà fún un, edé gbàǹgbà inú òkun yẹn, tí wọ́n máa ń gbé síwájú àwọn olówó. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. Ọ̀sẹ̀ náà ò dé. Ọdún ń gorí ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà di àpò rẹ̀, ó ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Ẹnu yín dùn, ọkọ mi," ó wí lẹ́nu ọ̀nà. "Àmọ́ ẹnu lásán ni. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ nǹkan, tí ẹ sì ṣe é, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Ilé wá dákẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ò dún mọ́. Mo-ń-bọ̀ ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró nínú ilé ìdáná, ó ń gbọ́ bí eyín ara rẹ̀ ṣe ń lọ̀ ọ́. Ó dùn ún wọ eegun. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ránṣẹ́: kó wá lọ́jọ́ Sátidé, lọ́bísítà ti wà nílẹ̀. Èsì dé pé òun á wá, òun á sì gbé àpò òun dání. Àmọ́ ìta ni àpò náà máa wà. Tí òun bá rí oúnjẹ lórí tábìlì, tí òun ò sì gbọ́ irọ́ kankan títí àwọn fi jẹun tán, àpò á wọlé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun àti àpò òun á jọ padà ni.

Nígbà tí Sátidé dé, ó sáré lọ bá obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín. Ìyẹn fa páálí kan yọ láti ìsàlẹ̀ fíríìsà. Ìrù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gan.

"Orí wọn ńkọ́?"

"Orí kẹ̀? Bí wọ́n ṣe kó wọn wá nìyẹn."

"Wọ́n ṣáà lórí tẹ́lẹ̀?"

Obìnrin náà wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ máa gbé e lọ. Páálí yìí ń kan ilẹ̀kùn fíríìsà mi láti inú."

Mo-ń-bọ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó tiẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ènì fún un, kó ṣáà tètè kúrò níwájú òun.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé ilé ìdáná. Obìnrin ẹlẹ́ja ti kọ́ ọ: kó la èèpo lẹ́yìn, kó fa ẹran inú rẹ̀ síta díẹ̀, kó fi bọ́tà àti áyù pa á lára, kó wá fi omi díẹ̀ sè é nínú ìkòkò tó dé dáadáa. Kò ní sísọ́ọ̀sì mìíràn ju èyí tó fi ń gẹ irun lọ, ó bá fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́. Bí sísọ́ọ̀sì ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ báyìí, iṣẹ́ gbà á lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í la èèpo bó ṣe máa ń la ìlà sórí àwọn oníbàárà, gbọọrọ, kò wọ́.

"Ẹ tẹ orí ba díẹ̀, ọ̀gá mi," ó wí fún ti àkọ́kọ́.

Ó rántí pé kò lórí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn létí nínú ilé tó dákẹ́, ló bá pa ẹnu dé. Nígbà tó parí ti ìkẹyìn, ẹnu rẹ̀ tún ṣi sísọ, bó ṣe máa ń bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ó tẹ́ ẹ yín lọ́rùn?"

Ìrù náà rọra ká kò. Ó tún rọra nà.

Yìnyín ló ń yọ́, ó sọ fún ara rẹ̀. Ó yára kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìkòkò, ó dé e, ó sì gbé ọlọ odindi lé ìdérí lórí. Ara ò rọ̀ ọ́ mọ́.

Gáàsì ń jó. Òórùn bọ́tà gba ilé. Ó ń fi ṣíbí tọ́ ọbẹ̀ bọ́tà wò, ẹnu rẹ̀ kún, nígbà tó gbọ́ ọ.

Kó.

Ó wo ìkòkò.

Kó-kó.

Kì í ṣe inú ìkòkò. Ẹ̀yìnkùlé ni. Nǹkan kan ń fà bọ̀ lórí símẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ tó pọ̀, kéékèèké, líle. Á rìn, á sinmi. Á tún rìn. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó dúró.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Tí ènìyàn bá ń jẹun, tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá, kí lẹnu máa ń sọ? Kò rò ó. Àti kékeré ló ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé, àtẹni tó mọ̀ àtẹni tí kò mọ̀.

"Ẹ wá jẹun o!"

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Ẹni náà á ní, "Ẹ ṣeun, á gba ibi ire," á sì kọjá lọ. Kì í jókòó. Ta ló ń jókòó?

Ìta pa lọ́lọ́. Gáàsì nìkan ló ń mí. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dáhùn nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, lẹ́bàá ilẹ̀ pátápátá, ohùn tó tutù, tí omi wà nínú rẹ̀.

"A ń bọ̀."

Ṣíbí já bọ́. Orí ọkùnrin náà wú. Ó ti bọ́ọ̀tì òkè ilẹ̀kùn náà, ó ti ti ìsàlẹ̀, ó tún gbé garawa omi ti ilẹ̀kùn. Ibi tó ti ń wá nǹkan mìíràn tó máa gbé tì í ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn iwájú. Ó fò sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Ta lẹ tún ń retí?" Ìyàwó rẹ̀ ni.

Obìnrin náà wọlé, ó wọ aṣọ tó rán fúnra rẹ̀, ó fi àpò sílẹ̀ níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó fi imú fa òórùn tó wà nínú ilé. Ó dúró.

"Ẹ sè é lóòótọ́."

"Mo sè é."

Ojú obìnrin náà rọ̀. Omi ń yí lójú ọkùnrin náà, ó sì ń ṣe bí ẹni pé áyù ló fà á. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà bojú wo tábìlì.

"Kí ló dé tí abọ́ fi jẹ́ mẹ́rin?"

Méjì lọkùnrin náà gbé síbẹ̀. Ó dá a lójú bí orúkọ ara rẹ̀. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí, méjì nínú wọn tutù, omi ń kán létí wọn. Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, ó ti wọṣọ tán, ó fẹ́ jáde. Ó rí àpò níta. Ó gbé irọ́ náà mì.

"Mo pe àwọn kan wá jẹun."

"Àwọn wo?"

"N ò mọ̀ wọ́n."

"Ẹ pe ẹni tí ẹ ò mọ̀?"

"Mo kàn sọ ọ́ ni. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́."

"Wọ́n wá gbà?"

"Wọ́n gbà."

Obìnrin náà patẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ha! Irú ènìyàn wo ló ń gbà á?"

Kó. Kó-kó. Ilẹ̀kùn iwájú ni lọ́tẹ̀ yìí. Nísàlẹ̀.

"Jẹ́ ká dákẹ́," Mo-ń-bọ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n á rò pé kò sẹ́ni nílé."

Ìyàwó rẹ̀ ká ọwọ́ lẹ́rán. Ojú rẹ̀ le. "Ẹ pè wọ́n, àbí ẹ ò pè wọ́n?"

"Mo pè wọ́n."

"Ó dáa. Àpò mi ṣì wà níta o."

Mo-ń-bọ̀ ń bẹ̀rù ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n má purọ́. Àmọ́ nígbà tó rántí ilé tó dákẹ́, tó rántí búrẹ́dì orí ìdúró, ìbẹ̀rù tibẹ̀ ju tibí lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Kò sí ènìyàn. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ fẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ òkun jìnnà sí wa. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, tótó, tótó, ojú ẹsẹ̀ kéékèèké lọ́wọ̀ọ̀wọ́, láìsí ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì ni. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó sì ká ìka kò nínú bàtà. Kí ni kó tún sọ?

"Ẹ... ẹ káàbọ̀."

Àga méjì fà sẹ́yìn fúnra wọn. Aṣọ tó wà lórí wọn mu omi. Ìyàwó, ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé, tẹ eékún díẹ̀ kó tó jókòó.

"Ẹ kú ìrìn o," ó wí fún àga.

Ìrù kọ̀ọ̀kan ló kan abọ́ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà bu tiẹ̀ sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dùn," ó wí. "Ọkọ mi, ó dùn gan-an ni."

Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé àwọn lálejò. Ìgbà náà ló gbọ́ ìró láti ibi ọ̀kan nínú àga tó tutù. Kì í ṣe ìró ẹnu tó ń jẹun. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn fi ìdérí agolo sí àyè rẹ̀, tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ká. Lẹ́yìn náà ni èémí gígùn kan, bíi tẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àga tútù kejì náà: ká. Èémí.

Tọkọtaya náà tẹjú mọ́ abọ́ tiwọn, wọ́n ń jẹun lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá iyọ̀ tó.

Àga tún fà. Ojú ẹsẹ̀ tutù jáde bó ṣe wọlé. Àmọ́ ní ìjáde yìí, ìlà fífẹ̀ kan, bíi ti ìrù, ń wọ́ tẹ̀ lé ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, èyí tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ilẹ̀kùn rọra padé.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn pé kóun gbé àpò òun wọlé. Kò sí àpò níta. Ó yíjú padà. Àpò ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n gbé e dúró dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ tutù rin.

Ẹni tó bá bá ènìyàn gbé ẹrù wọlé, a gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Obìnrin náà yọ orí síta, ó ké sínú òkùnkùn tó ń bọ̀. Kò rò ó. Òun náà, àti kékeré ló ti ń sọ ọ́.

"Ẹ ṣeun o! Ẹ tún máa yà o!"

Ìta pa lọ́lọ́.

"Lọ́la ńkọ́?" ohùn nísàlẹ̀ dáhùn. "Àwọn méjì yòókù ṣì wà lọ́nà."

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó mi orí sí ọkọ rẹ̀ kíkankíkan. Àmọ́ ẹnu ọkùnrin náà, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, ó ti ṣí.

"Kò burú!" ó wí. "Ẹ máa bọ̀!"

Ẹsẹ̀ kéékèèké náà fà lọ, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Tọkọtaya wo tábìlì. Abọ́ àwọn àlejò mọ́ tónítóní, kò sí ẹran, kò sí èèpo. Nínú abọ́ tiwọn, èèpo méjì ló kù, wọ́n ti jẹ inú wọn tán, bọ́tà ń dán lára wọn. Mo-ń-bọ̀ yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"N ò mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́," ó wí. "Ìyàwó mi, kò dé ọkàn mi rárá, ẹnu mi ló..."

"Ẹ ti sọ ọ́ nìyẹn," obìnrin náà wí. Ó wọ́ àpò rẹ̀ wọ yàrá lọ, ó wá abẹ́rẹ́ àti òwú tó nípọn jáde, ó fa àga tó gbẹ sún mọ́ iná. "Ẹ máa ṣe é ni. Ẹ kó èèpo méjèèjì yẹn wá kí n wò wọ́n. Kí ẹ sì lọ wá ẹran tí a máa kì bọ inú wọn."