Ohun Tí Adésànyà Rí ní Ilẹ̀ Àánú

Odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló wà lórí ọkùnrin náà nígbà tí Salome kọ́kọ́ fojú kàn án, ó sì ń sáré tẹ̀ lé ọ̀kadà tí Salome gùn. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gbá títì ọlọ́dà tí oòrùn ti mú gbóná. Ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn, ó ní ó jọ pé orí ẹni yìí kò pé, ó sì fẹ́ tẹná mọ́ ọn. Salome ló gbá a léjìká pé kó dúró. Kì í ṣe àánú ló ṣe é o, ó kàn fẹ́ mọ ohun tó lè mú kí ènìyàn máa sáré bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ẹni tí kò bá gba ọ̀nà Òkìtìpupa sí Erinje rí lè ní irọ́ ni mò ń pa. Lójú ọ̀nà yẹn, àwọn àgbẹ̀ a máa kó irè oko wọn sétí títì, wọn a sì padà sóko láìfi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tó wà níwájú ẹrù ló ń sọ iye rẹ̀, òkúta kan fún ẹgbẹ̀rún náírà kan. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ju owó sínú agolo, yóò gbé ẹrù rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni Salome. Etí òkun ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá sí Òkìtìpupa, ẹja yíyan ni òun àti ìyá rẹ̀ ń tà, kò sì mọ ọjà tí a kì í ná. Lọ́jọ́ náà ó rí òkúta mẹ́rin, ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sínú agolo, ó wá gbé ìdì kékeré tí òkúta rẹ̀ kò ju méjì lọ.

Adésànyà ló ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ó jáde láti inú oko, ó wo agolo, ó wo ilẹ̀, ó gbé ìdì ńlá, ó sì fi eré sí i.

"Èyí lẹ sanwó ẹ̀," ló wí nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. "Kékeré lẹ gbé."

Salome wo ọ̀tún, ó wo òsì. Igbó ọ̀pẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó bi í pé ta ló rí i tó fi ń dá ara rẹ̀ lóró báyìí.

"Èmi rí ara mi," ni Adésànyà wí, ó ń nu òógùn ojú.

Salome rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ fà sí ọkùnrin náà níbẹ̀ gan-an, n kò ní tàn yín. Lójú tirẹ̀, díákónì nìkan ló lè hu irú ìwà yìí, ló bá béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Adésànyà ní òun kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan, òun kì í sì í lọ mọ́sálásí. Ọlọ́kadà pòṣé, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ ọjà Erinje tí Adésànyà kò dé ìsọ̀ Salome wá ra ẹja. Ó ń dá gbé, síbẹ̀ ẹja tó ń rà tó bọ́ agbo ilé kan. Èdè Ìkálẹ̀ ni òun ń sọ, Ìlàjẹ ni Salome ń sọ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó wọn í fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó ń pe Salome ní Ará Omi, Salome ń pè é ní Ará Igbó. Nígbà tó gbé púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi èéfín yan, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá, Salome gbóòórùn rẹ̀, ó ní èéfín inú rẹ̀ ju ẹ̀gẹ́ lọ. Ó sì jẹ ẹ́ tán.

Adésànyà sọ ìdí tí kò fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì fún Salome láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ìyá òun mú òun lọ títí òun fi pé ọmọ ọdún méjìlá. Òun gbàdúrà, òun tẹ́tí, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Òun kò sọ pé Ọlọ́run kò sí, ohun tí òun kò gbọ́ ni òun kò lè sọ pé òun gbọ́. Salome kò bá a jiyàn. Ó ti rí i bó ṣe ro oko ẹ̀gẹ́ Catherine, opó tó múlé gbè é, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dé ìparí nígbà tí àìsàn dá obìnrin náà gúnlẹ̀. Àwọn ará ìjọ Catherine gbàdúrà fún un, àdúrà náà dára, ṣùgbọ́n koríko kò gbọ́ àdúrà.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá kan bàbá Salome. Zacchaeus lorúkọ rẹ̀, Bàbá Ìjọ ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Òkìtìpupa, ẹni tí í wọ aṣọ funfun tí í sì í rìn láìwọ bàtà. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó fún Adésànyà ní àga, Helen ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó sì gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin náà bá wá títí dé òpin kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà gbọ́ mi," ó wí. "Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, lọ́jọ́ tí inú bá bí i sí ọmọ mi, kí ni yóò dá ọwọ́ rẹ̀ dúró?"

Adésànyà dá a lóhùn. "Bàbá, ọwọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀rù nìkan ló dá a dúró, ó ṣì wà lókè. Èmi kò fẹ́ kí tèmi gbéra rárá."

Helen wo ọkọ rẹ̀. Zacchaeus kò lé e. Ó ní ìjọ àwọn ní àṣà kan. Ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ìjọ gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní Ilẹ̀ Àánú, ìyẹn àgbàlá oníyanrìn tí wọ́n sọgbà yí ká lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run ń sùn sí. Bó bá jáde, yóò dúró níwájú àwọn àgbà, yóò sọ ìran tó rí. Gbogbo ọkọ tó wà nínú ìjọ ló ti ṣe é, Zacchaeus fúnra rẹ̀ ṣe é. Bí Adésànyà bá rí ìran, àyè gbà á. Bí kò bá rí, kó má tún padà wá.

Adésànyà ní òun yóò wọlé, torí pé ẹni tó ń tọrọ ọmọ kì í fi ojú di bàbá ọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kó wọlé, Salome pè é sí ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ó ti ronú gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní kó ṣáà sọ pé ìmọ́lẹ̀ ni òun rí, ìmọ́lẹ̀ kò ní orúkọ, kò ní ojú, kò sí ẹni tó lè wádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àwọn á sì di tọkọtaya.

"Ará Omi mi," Adésànyà wí, "bí mo bá fi irọ́ gbé ọ wọlé, ọjọ́ wo ni kí n wá jáwọ́ nínú ẹ̀?"

Salome sunkún, ó sì ní èéfín ni.

Ọjọ́ mẹ́ta pé. Àwọn àgbà jókòó nínú aṣọ funfun, Salome wà láàárín àwọn akọrin. Adésànyà jáde, ẹnu rẹ̀ gbẹ, yanrìn kún irùngbọ̀n rẹ̀. Wòlíì Gideon, aríran ìjọ, fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé kí ni Olúwa fi hàn án.

Ó wo Salome, Salome sì mi orí sí i pé kó sọ ọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tó fẹ́ láyé wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì dínà rẹ̀.

"Mo rí aláǹgbá méjì," ó wí. "Mo rí òjò. Ebi pa mí gan-an. Mo ronú nípa Salome, mo sì ronú nípa irú ọkọ tí mo fẹ́ jẹ́ fún un. Ìran kankan, n kò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ẹnì kan láàárín àwọn àgbà ní ẹ̀ṣẹ̀ ló bo ojú rẹ̀. Zacchaeus dìde, ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan.

Salome pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. "Òtítọ́ rẹ lo fẹ́ fẹ́," ó wí, "máa fẹ́ ẹ," ó sì pa fóònù. Ó dùn ún débi pé kò lọ ọjà Erinje mọ́, ìyá rẹ̀ ló ń lọ. Adésànyà náà kò sì yéé wá sí ìsọ̀. Yóò kí Helen, yóò ra ẹja kan ṣoṣo, kò ní béèrè ẹnikẹ́ni, yóò máa lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí Adésànyà sọ kò kúrò lọ́kàn Zacchaeus. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun ló kàn láti wàásù. Wọ́n ka Òfin Mẹ́wàá, wọ́n dé ibi ẹ̀rí èké, ó sì dákẹ́. Àwọn ènìyàn rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n dúró.

"Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti ń wàásù nípa àkàbà wúrà tí mo rí ní Ilẹ̀ Àánú," ó wí. "N kò rí àkàbà kankan. Mo ń bẹ̀rù pé wọn kò ní fún mi ní Helen. Ọmọkùnrin tí a lé lọ yẹn, ó bẹ̀rù bí mo ṣe bẹ̀rù, kò sì parọ́. Èmi tí mo mọ Ọlọ́run ni mo parọ́."

Ó jókòó. Ìjọ kò mọ orin tó kàn.

Nílé, ó ń wá bí yóò ṣe bẹ Helen. Helen ń to ẹja sórí àwọ̀n ìyanja, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n ọjọ́ pẹ́.

"Lọ́dún tí a ṣègbéyàwó, ipele méje ni àkàbà rẹ ní," ó wí. "Nígbà tí a fi máa bí Salome, ó ti di méjìlá. Àkàbà wo ló ń dàgbà?"

"O sì mọ̀, o kò sọ nǹkan kan?"

"Mò ń dúró kí o sọ ọ́ fúnra rẹ ni."

Salome wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú tì í fún irọ́ tí òun náà kọ́ Adésànyà pé kó pa. Irú irọ́ kan náà ni, ìyá rẹ̀ sì ti gbé e sáyà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó síbẹ̀ pẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, òun àti bàbá rẹ̀ jọ gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Erinje. Wọ́n bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì, òkúta níwájú rẹ̀, agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ènìyàn. Zacchaeus wo inú agolo, owó wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí kùkùté igi kan, ó dúró de ọlọ́jà.

Nígbà tí Adésànyà jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá fà á dìde.

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́sí pé kí ni yóò dá ọwọ́ rẹ dúró," ó wí. "Mo ti rí i. Wá gba ìyàwó rẹ."

Salome sún mọ́ wọn. Ó mú òkúta kan nílẹ̀, ó fi lé Adésànyà lọ́wọ́, ó ní kó má bínú. Adésànyà di òkúta náà àti ọwọ́ Salome mú pọ̀.

Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn kò lè so ẹni tí kì í ṣe ara ìjọ pọ̀ mọ́ ọmọ ìjọ nínú ilé Ọlọ́run, Zacchaeus kò sì bá wọn jà. Iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà lóṣù Kejìlá, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tí gbogbo àdúgbò jẹ kù. Nígbà tí àkókò tó, Zacchaeus gbé ọwọ́ lé tọkọtaya lórí, ó gbàdúrà pé kí ilé wọn tòrò, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe tan ẹnì kejì rẹ̀ títí ayé wọn.

"Àmín," ni Adésànyà wí, tirẹ̀ ló sì ròkè jù.

Salome fi ìgúnpá gbún un pẹ́ẹ́. "Ará Igbó, ta lò ń dá lóhùn?"

"Bàbá rẹ," ó wí. "Ohun tó tọrọ yẹn, èmi náà fẹ́ ẹ."

Salome di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ṣe àmín tirẹ̀ fún Ọlọ́run.