Bùsáyọ̀ Olómi Ewúro

"Ẹ gbà mí o! Ta ló máa bá mi fi àwọn ìgò wọ̀nyí sínú yìnyín?"

Ishaq Làsísì yọ orí jáde láti ẹ̀yìn fírísà ńlá tó ń tún ṣe nílé ẹja dídì kan l'Oregun, ó sì rí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀, tó gbé kúlà mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Awò ńlá tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan ti já. Òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, kò sì rí i nù, torí ọwọ́ méjèèjì ló fi di kúlà náà mú. Kì í ṣe pé Ishaq ò tíì rí arẹwà obìnrin rí, àmọ́ lọ́jọ́ yìí, sípánà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin tó ni ilé ẹja fojú ìfura wo kúlà náà. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Omi ewúro ni, mà."

"Torí omi ewúro lo ṣe ń sáré báyìí? Èmi rò pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni!"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹkún ló kù díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà bú sí. Ó ní ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ládùúgbò ibẹ̀ lòun ti ń bọ̀, pé iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Bí ìgò wọ̀nyẹn bá gbóná, gbogbo iṣẹ́ àwọn ti ṣòfò nìyẹn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó gbé e síbẹ̀," ni Ishaq wí. "Èmi ni mo dúró fún un. Bí ewúro ẹ̀ bá fi lè kó bá titus yín, ẹ fi se ọbẹ̀ fún mi, màá jẹ ẹ́ tán."

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín, tí Ishaq sì rí i pé ó léjí lẹ́nu. Ló bá tẹ̀lé e lọ wo jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ fírísà ló kọ́. Kò tún jẹnẹrétọ̀ ṣe o. Ó kàn pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó sì jókòó ti ọmọbìnrin náà títí iná fi dé.

Olúwabùsáyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló sì dàgbà sí. Ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ni Ishaq, mùsùlùmí ni, Agége ni wọ́n sì bí i sí. Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá pè é sí Abúlé Ẹ̀gbá, Oregun ló máa kọ́kọ́ gbà kọjá. Ẹ bá mi bi í pé ọ̀nà wo nìyẹn.

"Olómi Ewúro mi," bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, "kí lẹ tiẹ̀ ń fi ewé ọlọ́bẹ̀ yẹn ṣe?"

"Ohun tó mú un korò là ń yọ jáde. Ó lè dènà jẹjẹrẹ."

"Ó ń wò ó sàn?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní ó lè dènà ẹ̀. A ṣì ń wádìí ẹ̀ ni. Ishaq, ṣé ò ń gbọ́ mi báyìí?"

"Mò ń gbọ́ o, olólùfẹ́."

Irọ́ ni. Èjí ẹnu rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí ìfẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára dáadáa, ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Opó ni ìyá náà, Modinat lorúkọ rẹ̀, ẹran ló ń tà ní odò ẹran l'Oko Ọba. Ishaq ti múra sílẹ̀ de ìbínú, torí ó mọ̀ pé ọmọ mùsùlùmí ni ìyá òun ti ń fojú wá.

"Kirisitẹ́nì ni, mà. Àmọ́ ó níwà. Ìwádìí ló ń ṣe. Òun ló sọ fún mi pé ewúro lè dènà jẹjẹrẹ."

Ìyá rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Tún un sọ."

"Ewúro, mà. Ó lè dènà jẹjẹrẹ."

"Mú ọmọ náà wá kí n rí i," ni ìyá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ pẹ̀lẹ́. Inú Ishaq dùn débi pé kò bi í léèrè ìdí.

Kò mọ̀ pé kókó kan wà nínú ọmú òsì ìyá òun. Ìyá náà ti yọ́ lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni, kó padà wá fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù bà á, kò padà, kò sì sọ fẹ́nì kankan. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ mú wálé yìí ni ìtùnú àkọ́kọ́ tó gbọ́. Láràárọ̀ ló wá ń fún ewúro mu.

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ kékeré tó dá gbogbo èyí sílẹ̀? Nígbà tí Bùsáyọ̀ sọ pé "ó lè", ohun tó ní lọ́kàn ni pé bóyá ni. Nígbà tí ìyá Ishaq gbọ́ "ó lè", ohun tó yé e ni pé agbára ewúro ká a. Yorùbá kan náà làwọn méjèèjì ń sọ, kò sí èyí tó ṣì í sọ nínú wọn. Ìwòsàn ni ìyá ń wá, ó sì mú ìtumọ̀ tó lè bá a wá a.

Lọ́jọ́ tí Bùsáyọ̀ wá sí Agége, ìyá náà dì mọ́ ọn, ó gbàdúrà fún un, ó sì fà á wọ yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí aṣọ àyà rẹ̀.

"Oògùn ẹ ń ṣiṣẹ́, ọmọ mi. Wò ó, kì í dùn mí mọ́."

Bùsáyọ̀ rí bí awọ ibẹ̀ ṣe súnkì. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe oògùn. Inú abọ́ la ti ń dán an wò, a ò tíì fún èèyàn kankan."

"Ṣebí ìwọ lo ní ó lè dènà ẹ̀?"

"Mo ní ó lè, mà..."

"Ṣé ó lè, àbí kò lè?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bùsáyọ̀ máa gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún létí ẹlòmíì.

"A ò tíì mọ̀, mà," ló dáhùn. "Àmọ́ èyí tó ti wà lára yín yìí, ewúro ò ní lé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

Ìyá náà fa aṣọ rẹ̀ bora. "Ishaq ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bó bá gbọ́, má wọlé mi mọ́ láé."

Bùsáyọ̀ mọ̀ pé bóun bá dákẹ́, òun máa rí ọkọ fẹ́, ìyá ọkọ náà á sì kú. Ó fẹ́ràn Ishaq gan-an. Kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀, ó ti sọ fún un.

Ẹ̀rù ba Ishaq, ẹ̀rù náà sì di ìbínú. "Ìwọ lo sọ ọ́! Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ!"

Bùsáyọ̀ sunkún dé ilé. Ishaq náà padà sílé lọ bẹ ìyá rẹ̀, àmọ́ ìyá ní ẹni tó tú àṣírí òun kò ní sọ ibi tóun máa lọ fóun. Kò lọ sílé ìwòsàn, ó sì ń mu ewúro rẹ̀ lọ. Ishaq ò pe Bùsáyọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìgbà tí kì í wo fóònù rẹ̀.

Ni Bùsáyọ̀ bá gba Oko Ọba lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Láàárín ẹ̀jẹ̀ àti eṣinṣin, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù níwájú àtẹ ìyá Ishaq. Ìyá náà ń gé ẹran rẹ̀ lọ. Bùsáyọ̀ dìde, ó ń bá a la ẹnu ọ̀rá tí wọ́n ń kó ẹran sí fún àwọn oníbàárà. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì.

"Kí lo tiẹ̀ ń fẹ́?"

"Ẹ wá wo ewúro yín níbi iṣẹ́ mi, mà. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ ẹ bá ní kí n má wá mọ́, mi ò ní wá mọ́."

Ọ̀gá Bùsáyọ̀ gbà kí wọ́n wọlé. Bùsáyọ̀ gbé abọ́ pẹlẹbẹ méjì kalẹ̀, ó sì fi ojú ìyá náà sí ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

"Ti àkọ́kọ́ yìí, a fi ewúro sí i kí àìsàn tó dé, àìsàn náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbèrú. Ìkejì, àìsàn ti wà níbẹ̀ ká tó fi ewúro sí i."

Ìyá Ishaq wò ó pẹ́. "Ewúro wà nínú ìkejì yìí?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Àìsàn ọ̀hún sì ń pọ̀ sí i?"

"Ó ń pọ̀ sí i, mà. Ti àkọ́kọ́ yẹn gan-an, abọ́ ni, kì í ṣe ara èèyàn. Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kedere pé a ò tíì mọ̀."

Ìyá náà gbé ojú kúrò. "Àṣé ẹran tó ti rà ni mò ń fi iyọ̀ pa." Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Ṣé wọ́n máa gé e?"

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé e, mà."

"Ṣé wàá bá mi lọ?"

"Màá bá yín lọ."

Ìta yàrá iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn kan n'Ìkẹjà ni Ishaq ti bá Bùsáyọ̀. Ó jókòó tì í.

"Dárí jì mí," ló sọ. "O sọ fún mi pé kì í wò ó sàn. Ẹnu ẹ ni mò ń wò lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni?" Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀. "Mo fẹ́ràn bó o ṣe ń wò ó."

Wọ́n gé ọmú náà, ìyá sì jí. Kò jẹ́ kí ọmọ tàbí ìbátan kankan rí ojú ọgbẹ́ náà. Bùsáyọ̀ nìkan ló gbà kó bá òun nu ara. Lọ́jọ́ tí dókítà ní ọgbẹ́ ń jinná, tó sì ṣàlàyé ìtọ́jú tó kù, ìyá náà ní kí wọ́n pe Ishaq wọlé.

"Pe àwọn bàbá ẹ n'Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n múra. A ń lọ sí Èkìtì."

"Mà, ara yín ò tíì yá."

"Kí wọ́n dúró dè mí. Wọn ò ní lọ bá mi tọrọ ìyàwó nígbà tí mo dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ni mo máa fi rìn wọ ilé àwọn òbí ẹ̀."

"Kirisitẹ́nì ni wọ́n o, mà."

"Ṣé wọn ò ní àga tí mùsùlùmí lè jókòó sí ni?"

Ishaq yíjú sí Bùsáyọ̀. "Ṣé kí n pè wọ́n?"

Omijé ti kún ojú Bùsáyọ̀. "Pè wọ́n, ọkọ mi. Kó o sọ fún wọn pé Màmá la máa dúró dè."

"Màmá ti gbọ́," ni ìyá náà wí. Ó gbé ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì na ọwọ́. "Ẹ gbé mi dìde. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú dé ẹnu ọ̀nà yẹn ná."

Ishaq di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, Bùsáyọ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ mú lápá òsì, níbi tí ọgbẹ́ wà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ.