Averil àti Ẹgbẹ́ Ìyọnu Àdúgbò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Averil McKibbin fojú kan Fintan Magennis, ọwọ́ ọmọkùnrin náà wà lókè, ṣòkòtò rẹ̀ sì ń já bọ́ ní gbangba àárín ìlú Belfast. Ṣọ́jà kan ló ní kó yọ gbogbo píìnì ìlédìí ọmọ tó fi gán aṣọ rẹ̀ pọ̀. Ó ní irin ni, irin kò sì gbọdọ̀ kọjá géètì tí wọ́n ti ń yẹ ará ìlú wò nítorí bọ́m̀bù. Ìbọn gbọọrọ wà lọ́rùn ṣọ́jà yìí o, píìnì ló ń bà á lẹ́rù! Bọ́m̀bù ń wọ ìlú nínú mọ́tò, wọn kò rí i mú. Ẹni tó fi píìnì gán ṣòkòtò ni wọ́n rí mú.

Averil kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ̀rín ló ń pa ọ́?” Fintan bi í, ó ń fi ìgúnpá há ṣòkòtò mọ́ra. “Dípò kó o máa rẹ́rìn-ín, yá mi ní bẹ́líìtì.”

“Bẹ́líìtì? Ìbàdí wo lo fẹ́ gbé e kọ́?”

Obìnrin tó ń tú báàgì Averil wò ní géètì fa igi méjì jáde. “Kí lèyí?”

“Igi ìlù ni, mà.”

Fintan gbàgbé ṣọ́jà. “O mọ ìlù lù? Jọ̀ọ́, má lọ! A ní ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì kan, a ò ní onílù. Fintan lorúkọ mi.” Ó na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ṣòkòtò ti ráyè já bọ́ pátápátá.

“Averil lèmi,” ọmọbìnrin náà fèsì, ó gbójú sókè ọ̀run. “Wọ ṣòkòtò ẹ ná.”

Bí wọ́n ṣe dárúkọ báyìí, kálukú ti mọ ibi tí ẹnì kejì ti wá. Ní Belfast lọ́dún 1978, orúkọ ẹni tó láti fi mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá ẹni ń lọ. Ọmọ Àgùdà ni Fintan, ọmọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni Averil, ìhà méjì tó ń para wọn nílùú náà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde nínú wọn. Òfin kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ pọ́ńkì ìlú náà, àwọn ọ̀dọ́ olórin aláriwo, ní nìyẹn: a kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti wá, a kì í sì í sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ti fi ìbéèrè yẹn sin òkú tó pọ̀.

Fintan ló ń kọrin, Dessie ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ta jìtá pẹ̀lú rẹ̀. Ọlọ́pàá kan tó wá bá wọn wí nínú gàréèjì tí wọ́n ti ń dánra wò ló pè wọ́n ní ìyọnu àdúgbò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi jẹ́ orúkọ. Lójúmọmọ, gíláàsì wíndò ni Fintan ń fi sí ilé onílé, iṣẹ́ tí kì í dá ní ìlú bọ́m̀bù.

Norman, bàbá Averil, ló kọ́ ọ ní ìlù. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá délé, awọ ewúrẹ́ ló máa ń fà sórí àwọn ìlù ràgàjì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé jáde ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje, ọjọ́ tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń yan káàkiri ìlú. Nígbà tí ọmọ mọ̀ ọ́n lù ju ọkùnrin lọ, bàbá ní obìnrin kì í gbé e jáde. Ẹ gbọ́ ná: ẹ kọ́ ọmọ ní nǹkan, ẹ tún ní kó fi pamọ́ bí ẹrù olè! Averil gbé ìbínú náà lọ sọ́dọ̀ Ìyọnu Àdúgbò, ó sì fi lu ìlù débi pé Dessie ń di etí. Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Norman rò pé ó ń lọ.

Tí wọ́n bá dánra wò tán, Averil àti Fintan á jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á jọ máa jẹ pòtétò díndín.

“Tèmi lò ń jẹ yẹn,” ni Averil wí.

“Ìfẹ́ ni.”

“Ebi ni. Olè.”

“Ebi tó mọ orúkọ ẹ ni, Averil mi.”

Orí afárá odò Lagan ni ìfẹ́ wọn ń parí sí. Fintan kò lè sìn ín délé, nítorí àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ oríta ládùúgbò McKibbin. Ọmọ ènìyàn fẹ́ràn ọmọ ènìyàn, kò lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀! Ìwọ̀sí wo ló tún tóbi tó yẹn?

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ àwo orin kan ní London rán ọ̀gbẹ́ni Rupert wá wò wọ́n. Ó mú Fintan nìkan lọ sí ilé ọtí.

“Orin yín dáa,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n orin tó dáa pọ̀ nílẹ̀. Ìtàn wo lẹ ní?”

Ọkàn Fintan ti fà sí àwo orin. Ó la ẹnu, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: pé Àgùdà lòun, pé Pùròtẹ́sítáǹtì ni onílù àwọn, pé bàbá rẹ̀ ń gbé ìlù ọjọ́ kejìlá, pé àwọn fẹ́ràn ara wọn. Kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn fi gbé e láti ẹnu Rupert, tòun ti fọ́tò Averil àti orúkọ òpópónà ilé bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni òkúta fọ́ wíndò McKibbin. Àwọn tó jù ú kò jìnnà, àwọn tí Norman ń kí láàárọ̀ ni.

“O fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀,” ni Norman sọ fún ọmọ rẹ̀, “tàbí o fi ilé mi sílẹ̀.”

Averil ju ìwé ìròyìn náà lu Fintan láyà ní gàréèjì.

“Mi ò purọ́,” ni Fintan wí.

“Ta ló ní o purọ́? Òótọ́ ni! Òótọ́ tèmi ni. Ta ló fún ọ láṣẹ láti tà á?”

“Mo rò pé tí a bá ti ṣe àwo...”

“O ò ro nǹkankan! O fi mí pàtẹ bí ẹja. Ọ̀kan náà ni ìwọ àti bàbá mi. Òun ní kí n fara pamọ́, ìwọ gbé mi síta, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè nínú yín.”

Ó kó igi ìlù rẹ̀, ó lọ. Fintan pè é títí, kò wẹ̀yìn.

Rupert padà wá pẹ̀lú ayàwòrán. Ó fẹ́ kí Fintan dì mọ́ ọmọbìnrin kan níwájú wáyà ẹlẹ́gùn-ún. “Bí tiyín kò bá wá, ẹ wá òmíràn. Ta ló máa mọ̀?”

Fintan wò ó títí. Ìgbà yẹn ni ohun tóun ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. “Ọ̀gbẹ́ni,” ni ó wí, “ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú nìyẹn.”

Ní Sátidé, lọ́sàn-án gangan, àwọn ará òpópónà McKibbin rí ohun tí wọn kò rí rí: ọmọ Àgùdà onírun ṣánṣán, ó ń gbé gíláàsì wíndò bọ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹni tó gbé gíláàsì kò lè sá, kò sì lè jà. Averil rí i láti yàrá òkè, àyà rẹ̀ já. Inú tún bí i pé àyà òun já.

Norman ṣílẹ̀kùn. “Ṣé o mọ ibi tó o wà?”

“Mo mọ̀, sà. Ẹ káàsán, sà.”

“Wọ́n lè pa ọ́ síbí.”

“Mo mọ ìyẹn náà. Ẹnu mi ló fọ́ wíndò yín, mo wá tún un ṣe ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di apá kan mú, ó wúwo.”

 Norman na ọwọ́, ó dì í mú. Wọ́n tú pákó tí wọ́n fi dí ojú wíndò, wọ́n gbé gíláàsì sí i, Fintan sì fi àtè lẹ etí rẹ̀ yí ká. Norman fi àtàǹpàkò tọ àtè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Iṣẹ́ ẹ mọ́,” ni ó wí, bí ẹni tí wọ́n fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Averil ti sọ̀ kalẹ̀. “Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?”

“Kò sẹ́ni.”

“Wíndò nìkan lo tún ṣe o.”

“Mo mọ̀. Mo ti lé Rupert lọ. Èmi àti Dessie á ṣe àwo náà fúnra wa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ lo máa lùlù. Mo wá bi ọ́ ni. Ṣé o máa lù ú?”

Averil kọjú sí bàbá rẹ̀. “Mò ń lọ lùlù, Bàbá. Ní gbangba. Bí ẹ bá máa lé mi, ẹ lé mi báyìí, kí gbogbo òpópónà rí i.”

Norman kò súre, kò sì ṣépè. Ó wo oríta. Ó dé fìlà rẹ̀. “Àwọn ọmọ yẹn ti ń kó jọ,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ó rìn láàárín àwọn méjèèjì títí dé orí afárá. Àwọn ọmọ oríta ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n ń bú wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Àwọn tó ń sọ ìtàn Ìyọnu Àdúgbò lónìí máa ń sọ ti àwo méjì tí ẹgbẹ́ náà ṣe láìsí ọ̀gá kankan lórí wọn, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ká bébà tí wọ́n fi ṣe àpò rẹ̀, tí London kò rí tà. Ti afárá yẹn, wọn kì í sọ ọ́.

“Averil,” ni Fintan wí lórí afárá náà lọ́jọ́ yẹn, “ṣé mo lè bi ọ́ ní nǹkan mìíràn?”

“Bèèrè.”

“Ṣé o máa fẹ́ mi?”

Omijé lé sójú Averil, ó fi ìbínú nù ún. “Mo gbà. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi o, Fintan. Má rò pé torí mo gbà ni inú mi fi rọ̀.”

“Mi ò rò bẹ́ẹ̀.”

“Ó lè máa bí mi títí a ó fi darúgbó.”

“A jọ máa darúgbó nìyẹn. Ṣé mo lè dì mọ́ ọ?”

Averil mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Norman yí ẹ̀yìn sí wọn, ó kọjú sí àwọn ọmọ tó ń bọ̀, ó ká apá láyà, ó sì dúró dí ọ̀nà afárá náà.